Ekòló Rọ́bà Ìgbà Ọyẹ́

Òórùn irú ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà ilé Màmá Nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe òórùn irú inú ọbẹ̀ o. Irú inú ọbẹ̀ a máa gbóná, a máa bá ata àti epo rìn wọ imú. Èyí tutù, ó wúwo, ó sì dá dúró, bí òórùn ilé tí wọ́n ti tì pa láti ọjọ́ pípẹ́. Inú agolo mílíìkì kan ló ti ń jáde, agolo tí wọ́n fi ọ̀rá bò lẹ́nu, tí wọ́n sì fi òwú ìránṣọ so lọ́rùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú òwú náà, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni ekòló bí ogún, dúdú, aláwọ̀ ewé àti elésè àlùkò, gbogbo wọn dùbúlẹ̀ sínú omi irú, wọ́n ń dán. Mo fà sẹ́yìn. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ìka bọ inú agolo, wọ́n yọ ọ̀kan jáde, wọ́n sì gbé e lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Rọ́bà ni. Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun, ìrù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí mo sì ti ń mí ni ìrù náà ń gbọ̀n.

Ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni mò ń ṣe, àti pé ìsọ̀ mi kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé àwọn télọ̀ àdúgbò Under G kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan ẹ̀rọ wọn, àwọn ti Ọjà Igbó náà sì ti ń pè mí. Ọ̀kan nínú wọn ló ní kí n yà sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ẹ̀rọ àfọwọ́yí wọn ń já òwú. Mo dé ibẹ̀, mo bá ẹ̀rọ lórí tábìlì. Mo sì rí ọ̀pá ìwọ̀ kan tí wọ́n fi ti ògiri, tòun ti kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń ká okùn rẹ̀. Mo béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ti bàbá ilé ni. Ìyá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá ilé ti kú. Kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń di ìwọ̀ títí tó fi kú."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, bí mo ti ń tú ẹ̀rọ, tí mò ń da epo sí i, ni ìtàn náà ń jáde. Ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ni Màmá ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òyìnbó Amẹ́ríkà obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bó bá sì di ọjọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì á gbéra lọ sí etí dáàmù Ọbà, òyìnbó á máa sọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀, Màmá á máa sọ̀rọ̀ ọkọ wọn, ẹja á sì máa jẹ ìwọ̀. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé pátápátá, ó fi ọ̀pá náà sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú àpótí ekòló rọ́bà kan àti ìgò òróró olóòórùn kan tí wọ́n fi ń pa á lára kí ẹja lè fẹ́ ẹ. Ìgò gbẹ. Màmá kò wá òmíràn. Wọ́n ní ẹja àrọ̀ tó ti inú ẹrẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ jáde kò mọ òórùn òyìnbó, irú ló mọ̀, àti pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ń fi irú pa ekòló náà lára ni àrọ̀ ti ń gbà fún àwọn. Bí ẹja bá fa ekòló náà ya, wọn kì í jù ú nù. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gbígbóná kan ojú méjèèjì tó ya, wọ́n á pa wọ́n pọ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Òmíràn nínú wọn ti ní ojú àpá mẹ́ta, mẹ́rin, bí ẹni tó ti la iṣẹ́ abẹ kọjá.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí nígbà tí ekòló gidi wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ ìkòkò omi. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

"Ekòló ààyè ń dá ẹja pa fúnra rẹ̀. Ìwọ kàn jókòó tì í ni. Ti rọ́bà, òkú ni, àfi bí ọwọ́ rẹ bá gbé ẹ̀mí wọ̀ ọ́. Bí o ṣe ń fà á, òun ni ẹ̀mí rẹ̀."

Èmi rò pé fífà ni fífà. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n mú mi jáde sí àgbàlá, wọ́n ju ekòló kan sórí ilẹ̀ gbẹrẹfu, wọ́n sì ń fà á wálé níṣojú mi kí n lè rí ohun tí omi máa ń bò mọ́ni lójú. Wọ́n ní orúkọ fún oríṣi fífà kọ̀ọ̀kan. Ìrìn ìyàwó ni èyí tí kẹ̀kẹ́ okùn ń yí lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìdúró, tí ìrù ekòló á máa jù bí ìdí ìyàwó tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Wọ́n ní ìyẹn dára nígbà tí omi bá mọ́, tí ara ẹja sì yá. Ọ̀pọ̀lọ́ ni èyí tí a ń fi orí ọ̀pá ta á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ká wá jẹ́ kó bọ́. Ti àsìkò òjò nìyẹn, nígbà tí omi bá pọ́n bí tíì oní-mílíìkì, tí ẹja kò ríran, tó jẹ́ pé ariwo ló ń tẹ̀lé. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé kì í ṣe ìgbà tó ń fò ni ẹja ń gbé e, ìgbà tó bá ń bọ́ ni, nítorí náà kí n má ṣe jẹ́ kí okùn tú jù nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ́sẹ̀ ni ẹ̀kẹta, kí a máa wọ́ ọ lórí ẹrẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ara wọn tí orúnkún rẹ̀ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu júwe ìyẹn fún mi, wọ́n wọ́ ọ kọjá níwájú mi, wọ́n sì ní, "O rí i? Kò wù mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Láti kọ́ mi bí ẹja ṣe ń jẹ ẹ́, wọ́n ní kí n dúró sí ìdí igi máńgòrò tó wà lágbàlá kí n di ọ̀pá mú. Àwọn fúnra wọn wọ inú yàrá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gba ojú fèrèsé fa ìdí okùn mọ́ra. Wọ́n á wá máa ṣe bí ẹja. Nígbà mìíràn wọ́n á fà á fẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Nígbà mìíràn wọ́n á kàn gbé e, wọ́n á sì máa bá a lọ láìfà á rárá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ké sí wọn pé ó ti jẹ ẹ́, kí ó sì jẹ́ òótọ́. Bí mo bá ké nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló mi okùn, ohùn wọn á jáde láti inú yàrá: "Afẹ́fẹ́ lo pa yẹn, Àfáà. Lọ sè é jẹ." Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á dúró, wọ́n á wo àgbàlagbà ọkùnrin tó di ọ̀pá ìwọ̀ mú lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí ń wo fèrèsé, wọ́n á kí mi pé mo kú iṣẹ́, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín lọ.

Àfáà tí Màmá ń pè mí, ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi kì í ṣe àfáà kankan. Ọjọ́ kan tí àkókò àsárì bá mi lọ́dọ̀ wọn, mo béèrè ibi tí mo ti lè kírun, wọ́n sì gbé omi àlùwàlá fún mi fúnra wọn, wọ́n gbá ojú ilẹ̀ lábẹ́ máńgòrò náà. Láti ìgbà náà, omi á ti wà nínú ike kí n tó béèrè. Bí mo bá pẹ́ jù lórí rọ́bà, ìyá onígbàgbọ́ yìí ló máa ń rán mi létí pé àsárì ti tó.

Ọdún kejì tí a mọ ara wa ni orúnkún wọn kọ̀ pátápátá. Ojú náà sì ti ń ṣú, wọn kò lè fi òwú wọ abẹ́rẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni etí dáàmù kò ṣeé lọ fún wọn mọ́. Ọmọbìnrin wọn tó ń gbé Àbújá ní òun ń bọ̀ wá kó wọn. Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n sọ ọ́ fún mi, nígbà tí ọyẹ́ ti mú, tí ètè gbogbo wa ń sán. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò lọ. Wọn kò sunkún, wọn kò sì rojọ́. Ohun tó ń dùn wọ́n, wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé aláìsàn.

"Mo gbẹ̀bí, mo ti fi lé ọwọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n ń gbẹ̀bí lọ. Èyí, mi ò rí ẹni fi lé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mi ní òórùn rẹ̀ ń rùn. Àfáà, kí n tó lọ, pa àrọ̀ kan wá fún mi. Kì í ṣe ti àwọ̀n, kì í ṣe ti ekòló ẹ̀yìn ilé. Ti rọ́bà. Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, kí n mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ ẹnìkan."

Mo dá wọn lóhùn pé wọ́n á rí i. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ, nítorí pé a kì í fi iyèméjì dá àgbà lóhùn lójú ìrìn. Wọ́n gbé ọ̀pá náà fún mi lọ. Ekòló mẹ́ta péré ló kù nínú agolo tí iná kò tíì kàn rí, wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi.

Dáàmù Erelú ní Ọ̀yọ́ ni mo lọ, nítorí ó súnmọ́ ilé. O mọ bí omi náà ṣe máa ń rí ní ìgbà ọyẹ́. Ó fà sẹ́yìn, ó fi etí ẹrẹ̀ tó ti sán sílẹ̀, kùrukùru funfun á wà lójú rẹ̀ títí oòrùn á fi gbéra, omi náà á sì mọ́ gaara débi pé wàá rí òkúta nísàlẹ̀. Sátidé ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, mo ṣe ìrìn ìyàwó. Ìyàwó rìn títí, kò rí ọkọ. Ọjọ́ Àìkú, mo ta ọ̀pọ̀lọ́ títí apá fi ń ro mí. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń fi àwọ̀n pẹja, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wà lẹ́bàá ibi tí mo dúró sí. Ó wo ohun tí mo so mọ́ ìwọ̀, ó gbé e gbọ́ òórùn, ó dá a padà fún mi. "Ọ̀gá, ẹja Ọ̀yọ́ kì í jẹ bàtà o," ni ohun tó wí. Lọ́jọ́ kejì ó tún béèrè bóyá mo ti gbìyànjú sálúbàtà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe Màmá láti etí omi. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já, ohùn wọn ń lọ, ó ń bọ̀, mo sì ń pariwo pé omi tutù, ẹja kò gbà. Ìpè náà kú. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Màmá mọ ọ̀rọ̀ kọ lórí fóònù, àmọ́ wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Je ki o sun daada ki o to fa.

Ọ̀rẹ́ mi, mo kà á, ó sì yé mi lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kí ó sún dáadáa kí o tó fà. Kí ni ì bá tún jẹ́? Láti kékeré ni mo ti ń tún eyín irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, iṣẹ́ eyín náà kò sì ju pé kó máa sún aṣọ síwájú, ìsún kékeré kan lẹ́yìn èkejì. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, abẹ́rẹ́ á máa gún ojú kan náà títí aṣọ á fi lu. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ pé Màmá ti fi èdè iṣẹ́ mi bá mi sọ̀rọ̀. Mo ju ekòló sómi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sún un. Ìka kan, mo dúró ìṣẹ́jú àáyá. Ìka kan, mo dúró. Mo sún un ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti ìsọ̀ ní kùtùkùtù Ọjọ́rú, mo lọ sún un di ọ̀sán. Ekòló kan há sábẹ́ òkúta, ó lọ. Ẹja tó wà nísàlẹ̀ omi yẹn á máa wò ó kọjá ni, bí ọlọ́jà tó sinmi ṣe ń wo ẹni tó ń kánjú.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ wọn ti dé, ẹrù ti kún pálọ̀. Màmá jókòó láàrin àwọn àpò, wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n nawọ́, mo sì fi ọwọ́ mi tó ṣófo sínú rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ṣe bí àwọn ṣe wí. Mo ní mo ṣe é, kódà mo ṣe é láṣejù, mo sún un láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n yí ojú sí mi.

"O ṣe kí ni fún un?"

"Mo sún un, mà."

"Ta ló ní kí o sún un?"

Mo yọ fóònù, mo ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí etí wọn. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tí wọ́n gbé orí sókè tí mo rí i pé ẹ̀rín ti fẹ́ gbé wọn mì. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé.

"Sùn ni mo wí. Sùn! Kí ó sùn, kí ó dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀yọ́ tí wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ni èdè."

Ọmọ wọn náà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún mi. Wọ́n wá ṣàlàyé. Wọ́n ní ní ìgbà ọyẹ́ òtútù ti wọ ara àrọ̀, kò ní lé ohunkóhun kiri, o lè sáré kọjá níwájú rẹ̀ títí di alẹ́, kò ní jí. Ohun tó bá dùbúlẹ̀ tì í nìkan ló lè jẹ. Jẹ́ kí rọ́bà náà sùn sórí ẹrẹ̀ títí òórùn irú á fi jáde lára rẹ̀, títí ìwọ fúnra rẹ á fi gbàgbé pé o ju nǹkan sómi. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o fà á, ìwọ̀n ìka kan, kí o tún tẹ́ ẹ sùn. Wọ́n ní fífà tó le jù nínú gbogbo fífà ni èyí tí kò sí fífà nínú rẹ̀, àti pé òyìnbó gan-an kò ní sùúrù rẹ̀. Nídìí ìrọbí ni Màmá ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni kí ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra.

Jímọ̀, mo kí ṣúbúhì, mo wọ súwẹ́tà, mo gba Erelú lọ. Mo ju ekòló sí ibi tí koríko ti pàdé omi jíjìn, mo jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Àbí o rò pé ó rọrùn? Ọwọ́ mi tó ti ń yí nǹkan láti bí ọgbọ̀n ọdún kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ó ń yún mi. Níkẹyìn mo yọ tẹ̀sùbáà láti inú àpò, mo fi sí ọwọ́ òsì, mo sì pinnu pé n kò ní fa okùn láìjẹ́ pé mo ka tẹ̀sùbáà náà yípo. Mo kà á yípo, mo fà á ìwọ̀n ìka kan. Mo tún kà á yípo. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí ẹyin nínú kùrukùru, ẹyẹ funfun kan dúró lórí ẹsẹ̀ kan lódìkejì omi, bàbá aláwọ̀n ń ṣan àwọ̀n rẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, ara mi rọ̀. Mo gbàgbé Àbújá, mo gbàgbé ọjọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àtàǹpàkò mi.

Mi ò mọ ìlẹ̀kẹ̀ tí mo wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo rí i pé okùn tó dẹ̀ sórí omi ti ń tọ́. Kò ta. Kò gbọ̀n. Ó kàn ń tọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí ẹnìkan bá rọra ń fa aṣọ kúrò lára ọmọ tó sùn. Mo gbé ọ̀pá sókè, nǹkan tó wà nísàlẹ̀ sì kọ̀. Ọ̀rẹ́, mo ti mọ ìwúwo ẹ̀rọ, mo ti gbé àpò símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ìwúwo tó ní èrò inú tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pá náà tẹ̀. Mo ká okùn, ó fà á padà, mo tún ká a. Ó yọ létí ẹrẹ̀ níkẹyìn, orí pẹrẹsẹ, irùngbọ̀n gígùn, ó dúdú, ó gùn tó apá mi, ekòló elésè àlùkò sì ń yọ ní igun ẹnu rẹ̀. Bí mo ti rí i ni ayọ̀ gba orí mi. Mo ju ọ̀pá sílẹ̀, mo gbá okùn mú, mo sì fi ọwọ́ fà á gìrì, bí mo ti máa ń fa òwú nígbà tí mo bá fẹ́ já a lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó sì já.

Ẹja náà dúró díẹ̀ nínú omi tí kò jìn, bí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti dá òun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí, ó lọ. Bàbá aláwọ̀n ti dìde dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo ń retí kí ó fi mí ṣẹ̀sín. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́," ló wí. Lẹ́yìn náà: "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo ṣì ní ekòló kan, ṣùgbọ́n ìwọ̀ ti bá ẹja lọ, n kò sì mú òmíràn dání. Mo ká okùn náà bó ṣe wà, mo wọ mọ́tò, ìrun Jímọ̀ bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo dé ilé Màmá, mọ́tò tí yóò gbé wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ń di ẹrù sórí rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Ọmọ wọn gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìkíni, ó sì dì í mọ́ ara mátírẹ́ẹ̀sì lórí mọ́tò, nítorí Màmá ti wí pé bí àwọn kò bá rí ẹni fi ọ̀pá náà lé lọ́wọ́, ọ̀pá náà yóò bá àwọn lọ. Ìdí okùn náà nìkan ni mo gé mú dání wọlé, ó gùn tó apá kan. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo ti pàdánù rẹ̀.

Màmá nawọ́. Wọ́n gba okùn náà, wọ́n sì fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tọ̀ ọ́ láti òkè sísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mo ṣe gbà pé wọ́n á ti máa tọ ikùn àwọn aboyún. Òkè rẹ̀ dán. Nígbà tí ìka wọn dé ìsàlẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n padà, wọ́n tún un tọ̀. Ibẹ̀ ti rí gbágungbàgun, ó ti wú bí òwú tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha. Àrọ̀ kò ní eyín gígùn, ṣùgbọ́n inú ètè rẹ̀ dà bí ìwé tí káfíńtà fi ń fá igi.

"Àrọ̀ ni," ni wọ́n wí. "Àgbà ni pẹ̀lú. Wò ó bí ó ti gbé e wọlé tó. Kò tọ́ ọ wò, ó gbé e mì ni." Wọ́n ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀, mo sì sọ ọ́ dé orí bí mo ṣe ju ọ̀pá sílẹ̀. Wọ́n mi orí. "Ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n. Ojúkòkòrò ló kù kí o fi sílẹ̀, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tí mo lè kọ́ ọ." Wọ́n ká okùn náà mọ́ ìka wọn bí ẹni ń ká òwú. "Mo lè wọ mọ́tò báyìí." Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ohùn sókè sí ọmọ wọn lóde pé kó tú ọ̀pá yẹn kúrò lára mátírẹ́ẹ̀sì, kó gbé e fún ẹni tó ni ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo pa àrọ̀ mi àkọ́kọ́, ní Erelú kan náà. Kò tó èyí tó lọ, ṣùgbọ́n àrọ̀ ni. Mo pè wọ́n láti etí omi. Ọmọ wọn gbé fóònù sí wọn létí, mo sì gbọ́ ohùn mọ́tò àti ti àwọn ọmọdé lẹ́yìn wọn. Mo ní mo ti pa á. Ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

"Ta ló máa jẹ orí rẹ̀?"

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ ló ni orí ohun tí a bá kọ́kọ́ pa. Mi ò tíì sọ ọ́ fún wọn rí, ó hàn pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní tiwọn. Mo ní n ó yan án, n ó gbé e pamọ́ sórí ààrò dè wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré kan, èyí tí a fi ń dá ọmọ lẹ́kun. "Orí ẹja kì í rìnrìn àjò, Àfáà. Jẹ ẹ́." Mo tún fẹ́ jiyàn. Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́, kí n sì máa jẹ ẹ́ lọ.

Wọ́n ṣì wà láyé, Ọlọ́run á túbọ̀ dá wọn sí, ṣùgbọ́n etí wọn ti wúwo, fóònù kò wọ̀ ọ́ mọ́, ojú náà kò sì rí àtẹ̀jíṣẹ́. Ọmọ wọn ló ń bá mi kí wọn. Àrọ̀ tí mo ti pa láti ìgbà náà kò níye. Ní ilé mi, ìyàwó mi á gbé orí rẹ̀ sínú àwo tèmi láìbéèrè, àwọn ọmọ á sì máa wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n rò pé ọlá ni. Ọlá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jẹ orí ẹja tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ti mọ̀ pé iwájú òun ti ṣófo, kò sí ẹni tí òun ń gbé e lọ bá mọ́. Mi ò tíì bù ú rí láìkọ́kọ́ gbójú sókè sí ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n ké sí òun láti ibẹ̀ pé kó má tíì jẹ ẹ́.